Sípíkà Tó Ń Pe Ìrun fún Bàbá Mi

Ẹ má tíì bú mi o, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tẹnu mi tán. Admin, ẹ dákun, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, torí àwọn ará mọ́sálásí wa wà lórí page yìí, àwọn ọmọ Boundary l'Ájégúnlẹ̀ náà sì pọ̀ níbí. Bàbá mi ń ṣínu kí oòrùn tó wọ̀. Nínú ààwẹ̀ Ramadan yìí o! Wọn ò mọ̀. Èmi mọ̀. Èmi gan-an ni mo fà á, mo sì ti mọ̀ láti Saturday tó kọjá, mi ò tíì lè la ẹnu mi sọ ọ́... inú ń bí mi, orí ń fọ́ mi, mi ò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún ju ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ mí lọ.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ajégúnlẹ̀ la ń gbé, èmi àti Bàbá nìkan, room and parlour, torí màmá mi ti ṣaláìsí. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Bàbá, àmọ́ Ìjọra ni wọ́n ti lo ọjọ́ ayé wọn, panel beater ni wọ́n, òòlù ni wọ́n fi ń lu irin tírélà láti àárọ̀ dalẹ́, òòlù yẹn náà ló sì ba etí wọn jẹ́. Ẹ sì wá wò ó o, Bàbá yìí kan náà ni ládàánì mọ́sálásí wa nígbà yẹn, àwọn ni wọ́n máa ń pe ìrun, ohùn wọn máa ń rìn jìnnà láìsí ẹ̀rọ kankan. Títí dòní Bàbá Ládàánì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Nígbà tí etí wọn wá ń kú lọ, tí wọn ò gbọ́ tí wọ́n bá ní ó ti tó àsìkò, àwọn àgbà mọ́sálásí rọra fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan rọ́pò wọn. Kò sẹ́ni tó rí wọn fín o, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni wọ́n ṣe é. Àmọ́ láti ìgbà náà, ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni Bàbá ń dé mọ́sálásí. Wọ́n ní kí làwọn ń lọ wá níbi tí wọ́n ti ń ké tí àwọn ò gbọ́?

Ẹ má sọ fún mi pé ká ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ etí o. A ti rà á. Wọ́n ní ṣe ló ń hó létí àwọn bí ìgbà tí wọ́n ń dín àkàrà, inú dúrọ́ọ̀ ló wà báyìí. Mo tún ra rédíò kékeré tó ń lo memory card, èyí tí wọ́n ń pàtẹ sórí tábìlì ní Boundary. Bí wọ́n bá yí ohùn ẹ̀ dé òpin, á máa han bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú garawa. Bàbá á gbé e mọ́ etí, ojú wọn á le kankan, lẹ́yìn náà wọ́n á kàn gbé e sílẹ̀.

Ìyẹn ni àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá ṣe ra smart speaker fún wọn, àwọn sípíkà tó máa ń dá èèyàn lóhùn yẹn. Òun náà ní irú ẹ̀ kan nílé ẹ̀. Ó ti ṣètò ti Bàbá sórí account tiẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́, ó ní ká kàn kì í bọ iná ká fún un ní Wi-Fi. Ẹ̀yin èèyàn mi... ohùn! Mi ò lè parọ́ mọ́ ọn. Kò ju agolo mílíìkì ńlá lọ, àmọ́ ohùn tó ń jáde níbẹ̀ kún parlour, bẹ́ẹ̀ kò pariwo, kò há, gbogbo ọ̀rọ̀ dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Kùránì la kọ́kọ́ fi sí i. Bàbá wà lórí àga wọn, wọ́n kàn ṣàdédé gbórí sókè. Wọ́n ní àwọn gbọ́ ibi tí àlùfáà tó ń ké e ti mí. Ẹ gbọ́ o, èémí! Ẹni tí mo gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn léjìká kí wọ́n tó mọ̀ pé mo ti wọlé! Wọ́n sunkún, èmi náà sunkún, mo pe àbúrò mi, mo ń wúre fún un títí credit mi fi tán.

Àmọ́ sípíkà yìí, wàhálà ẹ̀ ò kéré. Kò ní bátìrì, bí wọ́n bá ti mú iná lọ, ó kú nìyẹn. Dátà tó ń jẹ, ewúrẹ́ ò jẹ oko tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ihò kankan lára ẹ̀, kò gba memory card, kò gba wáyà, gbogbo wáàsì tí Bàbá tọ́jú sórí memory card ti di òkú ọjà. Kò gbọ́ Yorùbá rárá. Bàbá á bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n á ní ó kú iṣẹ́ o, àwọn fẹ́ gbọ́ Yásín, òun á máa fi Òyìnbó tọrọ àforíjì. Ẹni tí kò gbọ́ràn ń bá ẹni tí kò gbédè sọ̀rọ̀... ẹ̀rín á pa mí, inú á tún bí mi. Èyí tó wá burú jù ni pé fóònù mi ti pẹ́, app ẹ̀ ò wọ inú ẹ̀, nítorí náà ohunkóhun tá a bá fẹ́ yí padà lára ẹ̀, àyàfi ká pe Àbújá. Sípíkà wà l'Ájégúnlẹ̀, orí ẹ̀ wà l'Ábújá. Ṣé nǹkan gidi nìyẹn?

Mo ti rò ó pé ká tà á, ká fi owó ẹ̀ ra èyí tó ní bátìrì, tó ń gba memory card, tí kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni. Mo mú Bàbá lọ síbi tí wọ́n ti ń tà á, wọ́n tan ńlá kan fún wa, ilẹ̀ ń mì tìtì. Bàbá fọwọ́ lé àyà. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé nǹkan ń dún, àmọ́ kí ló ń sọ? Wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. A padà sílé.

Ohun tó wá jẹ́ kí n fara mọ́ gbogbo ìyà yẹn ni pé sípíkà yìí máa ń pe ìrun. Fúnra ẹ̀ o, nígbà márààrún. Bàbá á sì máa tẹ̀ lé e ní gbólóhùn kan sí gbólóhùn kan bó ṣe yẹ kéèyàn dá ìpè lóhùn, ojú wọn á máa dán. Wọ́n sọ ọ́ ní Ládàánì Kékeré. Tẹ́lẹ̀, tí ààwẹ̀ bá dé, Ìyá Kúdírá ló máa ń sọ fún Bàbá pé ó ti tó láti ṣínu. Yàrá wọn ló kọjú sí tiwa. Bí mọ́sálásí bá ti pe ìrun, wọ́n á wọlé wá fọwọ́ kan Bàbá léjìká, wọ́n á gbé omi àti dàbínù fún wọn. Wọ́n ṣe é fún ọdún tó pọ̀, mi ò ní gbàgbé, àmọ́ ẹnu Ìyá Kúdírá náà kì í sinmi. Wọ́n á máa sọ ní gbogbo compound pé àwọn làwọn ń ṣọmọ fún Bàbá Ládàánì, pé èmi ń ṣe madam kiri l'Ápápá. Ó ń dùn mí. Torí náà nígbà tí ààwẹ̀ ọdún yìí fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo lọ bá wọn, mo dúpẹ́, mo ní kí wọ́n má ṣe yọnu mọ́, a ti ní ẹ̀rọ. Ẹ wo bí mo ṣe sọ ọ́... a ti ní ẹ̀rọ! Mo wá sọ fún Bàbá pé bí Ládàánì Kékeré bá ti pè, kí wọ́n ṣínu, kí wọ́n má dúró de ẹnikẹ́ni.

Lọ́fíìsì àwọn clearing agent l'Ápápá ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kí n tó délé Bàbá á ti ṣínu, wọ́n á ti kírun tán. Saturday tó kọjá ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wà nílé lásìkò yẹn. Mò ń po ẹ̀kọ gbígbóná lọ́wọ́ ni sípíkà bá pe ìrun, Bàbá dá a lóhùn, wọ́n fi dàbínù sẹ́nu, wọ́n mu omi. Mo gbé garawa jáde láti lọ pọnmi. Oòrùn ni mo rí! Oòrùn gidi, ó wà lórí páànù ilé iwájú, ó pọ́n kuku. Ìyá Kúdírá jókòó sórí àpótí, wọ́n fi abọ́ bo àkàrà, wọ́n ń retí. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó wà lójúde gbé omi dání, kò sẹ́ni tó tíì ṣí i. Mo kàn dúró síbẹ̀ bí ère, tó bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí mọ́sálásí wa tó pe ìrun. Parlour wa, ògiri ilé kejì ni fèrèsé ẹ̀ kọjú sí, tí iná bá ti wà, tọ̀sán tòru ni gílóòbù ń tàn níbẹ̀. Báwo ni Bàbá ṣe fẹ́ mọ̀?

Àkókò Àbújá ni sípíkà ń tẹ̀ lé! Ta ni kò mọ̀ pé Àbújá máa ń ṣínu ṣáájú Èkó? Ọmọ kékeré mọ̀ ọ́n. Èmi mọ̀ ọ́n, àbúrò mi mọ̀ ọ́n, kò sẹ́nìkan nínú wa tó rò ó. Mo pè é, mo fìbínú sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti yí i sí Èkó, àmọ́ sípíkà tún fúnra ẹ̀ padà sí Àbújá, ó ní bóyá torí pé méjèèjì jọ wà lórí account kan ni, pé tóun bá dé fún ọdún ìtúnu ààwẹ̀, òun á yanjú ẹ̀. Ó tún ní kí ni ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ní kí ni kẹ̀? Ẹni tó ti gbààwẹ̀ láti sààrì, tó wá já a nígbà tó kù díẹ̀! Abeg, ṣé ó yé e rárá?

Mo ní kó pa ìpè yẹn, mi ò ronú kan ẹni tó máa wá sọ fún Bàbá pé ó ti tó àsìkò. Ó pa á lọ́jọ́ Monday. Nígbà tí mo dé láti Àpápá, ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n ti mú iná lọ, Bàbá jókòó sínú òkùnkùn, dàbínù wà lọ́wọ́ wọn. Wọn ò tíì ṣínu! Wọn ò jẹ, wọn ò mu, wọn ò lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Wọ́n ní Ládàánì Kékeré ò tíì pè. Mo sáré gbé omi fún wọn. Ìyá Kúdírá wà ní yàrá wọn, wọn ò yà wá wo Bàbá, mi ò sì lè bú wọn, ṣebí èmi ni mo ní kí wọ́n má yọnu. Mo sá jáde, mo pe àbúrò mi, mo ní kó tan ìpè yẹn padà kíá. Ó tàn án. Ní ọjọ́ kejì Bàbá tún ṣínu kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n sì ń wúre fún mi pé mo tún un ṣe.

Mo ti bi àlùfáà kan l'Ápápá láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹni tí kò mọ̀ kò lẹ́ṣẹ̀ lọ́rùn, àmọ́ àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ ní ó máa san àwọn ààwẹ̀ yẹn padà. Mo mọ bàbá mi. Tí wọ́n bá gbọ́, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n máa san, kò sẹ́ni tó lè dá wọn dúró, bẹ́ẹ̀ dókítà ti ní kí wọ́n má gbààwẹ̀ rárá pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru yìí, ẹ̀bẹ̀ ni Bàbá bẹ dókítà kí wọ́n tó gba èyí. Tí mi ò bá sì sọ, ọrùn ta ló wà? Èmi tí mo mọ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ rí i pé kò síbi tí mo fẹ́ gbà?

Ó wá kù díẹ̀ kí n parí. Lánàá, Bàbá ní Friday tó ń bọ̀ yìí, àwọn ti pe àwọn àgbà mọ́sálásí wá ṣínu nílé wa. Lèmọ́ọ̀mù náà ń bọ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí wọ́n gbọ́ Ládàánì Kékeré, kí gbogbo wọn jọ ṣínu sí ìpè ẹ̀. Mo ní ṣé kò ní dáa kí wọ́n kàn ṣe é ní mọ́sálásí. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n mú ọwọ́ mi, wọ́n sọ ohun tí wọn ò sọ fún mi rí láyé. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí etí àwọn ti di, àwọn rò pé Ọlọ́run ló ń bínú sí àwọn, tí kò fẹ́ kí àwọn gbọ́ ìpè Òun mọ́. Wọ́n ní àwọn ò sọ ọ́ fún màmá mi títí màmá mi fi ṣaláìsí. Wọ́n ní ní Ramadan yìí, ọkàn àwọn ti balẹ̀, àwọn ti mọ̀ pé Ó ti dárí jin àwọn.

Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn. Mi ò lè sùn. Ká gbé sípíkà yìí kúrò, ká ra èyí tó ń pariwo lásán, kí Bàbá tún padà jókòó láìgbọ́ ọ̀rọ̀ kan? Kí n lọ kúnlẹ̀ fún Ìyá Kúdírá? Kí n ko Lèmọ́ọ̀mù lọ́nà kí Friday tó pé? Mo ń gbàdúrà pé kí wọ́n mú iná lọ lọ́jọ́ náà, ẹ wo irú àdúrà tí mo wá ń gbà nínú ààwẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ní bàbá nílé, báwo lẹ ṣe máa sọ fún wọn pé ìpè tó tù wọ́n nínú, kò tíì tó àsìkò tó fi ń dún?