Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Da Gààrí Mi Nù

Savalu, oṣù kẹta, 1984

Ẹ̀gbọ́n mi Élisabeth,

Ẹ kú ìnáwó o. Owó tí ẹ fi ránṣẹ́ ti di kẹ̀kẹ́. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ yín gbẹ.

Félix tó ń ta kẹ̀kẹ́ kọ́kọ́ gbé èyí tí ọwọ́ tí a fi ń darí rẹ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀ wá, ó ní ìyẹn ló máa ń sáré jù. Mo gbé igbá gààrí mi rù, mo sì gùn ún níwájú ìsọ̀ rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí igbá já lé e lórí.

"Ìyá Denise, ẹ má pa mí o!"

"Wá ọwọ́ tó ga sí i. Ta ni mo ń bá sáré?"

Ó fi ọwọ́ gíga tó tẹ̀ wá sí àyà mi sí i. Mo jókòó ṣánṣán bí ẹni tó wà lórí àga, igbá kò mì. Èyí ni mo rà. Kò tilẹ̀ ń mu epo.

Alùpùpù wa wà lọ́wọ́ Bàbá Denise, tó ní òun ń lọ sí Tchetti fún ọjọ́ méjì nígbà ìkórè iṣu. Kò tíì dé títí di òní; iṣẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀.

Denise kí yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ará Bobè. Bí Bàbá Denise bá gba ọ̀dọ̀ yín kọjá, ẹ bá wa kí i, kí ẹ sọ fún un pé igbá kò já bọ́.

Àbúrò yín,
Ève