Ta Ni Alárinà Wọn?

Lateefah mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí gbogbo ará ilé yín ní Pápá Àjàó. Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí a sunkún ara wa. Ewúrẹ́ mi bímọ, ìjì sì ṣí páànù ẹ̀yìnkùlé, ṣùgbọ́n n kò rójú ráyè tiwọn, nítorí ọ̀rọ̀ Mùíz àbúrò rẹ kò jẹ́ kí n lè jókòó sójú kan. Bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí náà, mo ti dìde lọ wo ojú títì, mo tún padà wá jókòó.

Nínú lẹ́tà rẹ, o ní aago mọ́tò àlòkù àti wáyà ló rà ní òdìkejì ẹnubodè láti wá tà ní Ládìpọ̀, ni wọ́n bá mú un, wọ́n ní bọ́ǹbù ló fẹ́ fi ṣe. Aago tí kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́. O ní ọlọ́pàá tiwa sọ pé àwọn ti fà á lé ti ọ̀hún lọ́wọ́, torí pé ìlú méjèèjì jọ ṣe àdéhùn láti máa mú àwọn tó ń ju bọ́ǹbù, ti ọ̀hún sì ní àwọn ti dá a padà fún tiwa.

Èmi náà lọ fi fóònù pe ọ́fíìsì ọlọ́pàá tiwa láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọkùnrin kan ní kí n dúró, ni orin bá bẹ̀rẹ̀. Mo kí wọn kú ìnáwó, mo sì rọra dúró kí wọ́n jó tán, àfi ìgbà tí owó mi tán. Kò sẹ́ni tó padà wá dá mi lóhùn.

Ohun tí kò yé mi nìyí: ìlú méjèèjì tó jọ ṣe àdéhùn yìí, ta ni alárinà wọn? Nígbà tí bàbá rẹ kó ẹrù mi síta, ṣé mo bá a jà? Yẹ̀kínnì tó ṣe alárinà wa ni mo lọ bá. Ó wá jókòó sí pálọ̀ wa, kò dìde títí bàbá rẹ fi fọwọ́ ara rẹ̀ kó ẹrù náà wọlé. Òun ló so wá pọ̀, òun náà ló ń dáhùn fún wa.

Yẹ̀kínnì ti gbà láti wá. Ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n ó ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Jọ̀ọ́, fi owó mọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, kí o fi owó páànù mi kún un. Mú un lọ bá wọn kó bi wọ́n léèrè ẹni tó dúró láàárín wọn. Bí wọ́n bá ní kò sí, kó sọ fún wọn pé ìyá Mùíz ní, "Ta ló wá ń dáhùn fún ọmọ mi?"

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ lọ, á máa ṣọ́ ọ bọ̀. Má kọjá ẹnubodè lọ wá a o, Lateefah. Ìwọ nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ mi tí mo mọ ibi tó wà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìdíátù