Bàbá Rẹ Wà Lókè, Èmi Wà Nísàlẹ̀

Ẹyinjú mi,

Ṣé dáadáa lo jí, ṣé o jẹun kó o tó jáde nílé, ṣé àwọn tí ò ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù níbi iṣẹ́ ti dẹwọ́ èébú? Mo bẹ Ọlọ́run pé kí ohùn rẹ má ṣe há, nítorí ohùn náà ni wọ́n ń sanwó fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé títí di òní kò yé mi, irú ilé iṣẹ́ tó ń sanwó fún èèyàn pé kó máa bẹ ẹni tí kò mọ̀ rí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bàbá rẹ wà, èmi náà wà, ààrò búrẹ́dì wà, òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣì ń jò, òun náà ní kí n kí ọ.

Àpótí tó o fi rán awakọ̀ dé ọwọ́ wa láyọ̀. Nígbà tí mo tú u, mo rí i pé ó dúdú, ó pẹlẹbẹ, ó sì ní ihò tóóró kan níwájú, ni mo bá ní háà, ọmọ mi rántí iṣẹ́ mi, ẹ̀rọ tó ń yan búrẹ́dì ló rà fún mi. Mo gé búrẹ́dì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mo tì í bọ ibẹ̀. Má bínú. Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá na apá bàbá rẹ ti bá wa yọ ọ́, ó ní ó lè ku èérún díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní í pa á lára. Òun ló ṣàlàyé fún mi pé géèmù ni, àti pé o ní kí bàbá rẹ máa fi ta ọwọ́ rẹ̀ jí.

Ó yẹ kí n sọ bí ilé ṣe rí kí àpótí yẹn tó dé, nítorí tó o bá pè, ohùn èmi nìkan lò ń gbọ́. Láti ọjọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú bàbá rẹ lápá ọ̀tún, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Dókítà ní ohùn rẹ̀ kò kú, ó ní ẹnu rẹ̀ ló wúwo, tó bá ń lò ó yóò máa fúyẹ́. Ṣùgbọ́n o mọ bàbá rẹ. Télọ̀ tí kì í jẹ́ kí ṣẹ́ẹ̀tì tí kọ́là rẹ̀ wọ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó wọ́ jáde lẹ́nu òun? Orí ló ń mì fún wa. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wá kó aṣọ tó ti gé tí kò tíì rán, wọ́n á kí i, á mi orí, wọ́n á máa lọ. Lọ́jọ́ kan ó na ọwọ́ òsì sí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó tún nà án sí ẹnu ọ̀nà. Mo ṣe bí ẹni tí kò yé. Ó tún nà án. Ó ní kí n tà á ni. Mo lọ sídìí ààrò lọ sunkún, mo ní èéfín ni. Obìnrin télọ̀ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfowópamọ́ ló gbọ́, ó sì ní òun ń bọ̀ wá rà á lọ́jọ́ Sátidé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi so géèmù náà mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Bó ṣe tàn án báyìí, tẹlifíṣọ̀n là sí méjì! Ìlà dúdú kan gba àárín rẹ̀ kọjá gbọọrọ. Mo kígbe, mo ní ayé mi, búrẹ́dì yẹn ti bà á jẹ́. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní kò là rárá, ẹni méjì ló fẹ́ ta á pọ̀, kálukú ló ní ìlàjì tirẹ̀, ti bàbá lókè, tèmi nísàlẹ̀. Mo ní ìyẹn dáa, olórí ilé ló yẹ kó wà lókè. Ṣùgbọ́n nígbà tó ní èmi ni wọ́n kọ sílẹ̀ ní ẹni kejì, inú bí mi. Mo ní kó lọ sọ fún àwọn tó kọ ọ́ pé láti ìgbà tí mo ti wọ ilé ọkùnrin yìí, mi ò ṣe ìyàwó kejì fún un rí. Ó bẹ̀ mí, ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó wá fún wa ní páàdì kọ̀ọ̀kan tá a ó máa fi darí géèmù náà. Bọ́tìnnì pọ̀ lára rẹ̀, bàbá rẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lọ, yẹ̀ ẹ́ wò bọ̀, ó ń wá ihò tí wọ́n máa kó wọ̀. Nígbà tí ìbọn yọ sí mi lọ́wọ́ nínú tẹlifíṣọ̀n, mo dìde, mo ti fèrèsé, mo ní ṣé kò yẹ ká kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá ni. Lẹ́yìn náà ẹ̀dá kan jáde sí mi, olójú mẹ́ta, mo kí i pé ẹ kú iṣẹ́ o, kó tó di pé mo parí ìkíni, ó ti yìnbọn fún mi. Èjìká bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ̀rín ló ń rín, ọmọ mi. Mo ní ó dáa, ẹni tí kò gba ìkíni ló fa ọ̀ràn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn fún un padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ọ̀run ni ìbọn mi ń wò.

Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nínú ìlàjì tèmi, mò ń rí bàbá rẹ. Ó wọ aṣọ irin, àyà rẹ̀ fẹ̀, ó sì ń sáré. Ẹni tó ń di ògiri mú kó tó dé ilé ìwẹ̀, mo rí i tó fo kòtò, tó ń sáré lọ níwájú mi bí ìgbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Mo dúró, mò ń wò ó. Wọ́n ń yìnbọn fún mi, mi ò bìkítà.

Ẹni tó bá ṣubú níbẹ̀ kì í kú lójú ẹsẹ̀. Á wó lulẹ̀, iná pupa á máa ṣẹ́jú lórí rẹ̀, ẹnìkejì rẹ̀ á sáré wá, á tẹ bọ́tìnnì kan mọ́lẹ̀ títí á fi dìde. Bàbá rẹ ṣubú. Mi ò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì yẹn, mo tẹ̀ ẹ́, nọ́ọ̀sì ní Ìyá, wọ́n ti dìde o, ẹ tú u sílẹ̀. Mi ò tú u sílẹ̀. Nígbà tá a fẹ́ pa géèmù náà, ó bi wá bóyá kó pa wá mọ́ síbi tá a ta á dé. Mo ní àmín.

Ó di Sátidé. Mò ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́, bàbá rẹ sì ń fi ẹsẹ̀ gbá àga mi pé kí n wá, nítorí afárá kan wà tá ò tíì lè kọjá. Mo nu ọwọ́, mo gbé abọ́ ìyẹ̀fun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo jókòó. Àárín afárá la wà tí obìnrin télọ̀ fi kan ilẹ̀kùn, mo ní kó wọlé, ó wọlé, ó dúró lẹ́yìn wa. Àfi bí ẹnìkan ṣe ké nínú yàrá pé, ẹ̀yìn rẹ! Obìnrin yẹn bojú wẹ̀yìn. Èmi náà bojú wẹ̀yìn, mo rí ògiri. Kò sẹ́ni tó wo tẹlifíṣọ̀n, ni ẹ̀dá olójú mẹ́ta bá gbá mi lulẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ohùn náà tún ké, ó ní kì í ṣe ẹ̀yìn ibí, ẹ̀yìn ọ̀hún!

Bàbá rẹ ni. Ọ̀rọ̀ náà wọ́ díẹ̀, kí n má purọ́, ṣùgbọ́n odidi ọ̀rọ̀ ni. Òun náà gbọ́ ọ, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tó jalè. Páàdì bọ́ lọ́wọ́ mi sínú ìyẹ̀fun, omi ń dà lójú mi. Ó sáré wá bá mi nínú tẹlifíṣọ̀n, ó ń gbé mi dìde. Ni mo bá wo ọwọ́ tó fi ń tẹ bọ́tìnnì. Ọwọ́ ọ̀tún ni. Àtàǹpàkò yẹn ń gbọ̀n bí ewé, ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀ ẹ́.

Obìnrin télọ̀ ní òun wá wo ẹ̀rọ ìránṣọ. Bàbá rẹ wá ọ̀rọ̀ títí, ó ní jókòó ná, ká kọjá afárá. Ó jókòó. Nígbà tá a kọjá tán, bàbá rẹ ní ẹ̀rọ yẹn ò sí fún títà mọ́.

Má rò pé gbogbo rẹ̀ ti tán o. Abẹ́rẹ́ ṣì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì máa ń bínú ju páàdì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ń wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ báyìí, bàbá rẹ á fi ẹnu sọ bí wọ́n ṣe ń gé kọ́là, òun á gé e, wọ́n á pín èrè. Èmi náà ń jẹ èébú tèmi lójoojúmọ́, bàbá rẹ ní mi ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Èébú náà ń dùn mọ́ mi bí oyin.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún páàdì mi, ìyẹ̀fun ti gan mọ́ ọn, ẹsẹ̀ òsì nìkan ni mo ń gbé nínú tẹlifíṣọ̀n. Má fi gba ilé ìfowópamọ́. Ẹ̀rọ ara ògiri wọn bi mí ní nọ́ńbà àṣírí mi, mo ní tó bá jẹ́ àṣírí, kí ló kàn án, mo bá tèmi lọ. Fún awakọ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ojú ò ní í tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́, iṣẹ́ rẹ ò ní í bọ́, ayọ̀ la ó máa fi gbúròó rẹ.

Bàbá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé òun fúnra òun ló máa pè ọ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Tó bá dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, má sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, má já fóònù. Ọ̀rọ̀ ló ń wá. Dúró dè é, ó ń bọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ.