Ògiri Gbóná, Ìkòkò Tutù

Olóòtú wa, ẹ kú ètò o, ẹ kú làálàá. Ẹ má dárúkọ mi; aránṣọ ni mí, ẹni tó bá máa mọ̀ mí á mọ̀ mí.

Ọkọ mi ń pe ara ẹ̀ ní Ẹnjiníà. Òun ló so sítóòfù oníná wa. Látìgbà náà, tí n bá ti tàn án, gílóòbù á pọ́n bí ojú ọ̀mùtí, omi tíì ò sì ní ju kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ní iná àdúgbò ni ò lágbára. Mo yọjú lójú fèrèsé, iná ilé kejì ń tàn yòò. Mo sọ fún un. Ó ní, "Kí lobìnrin mọ̀ nípa iná?"

Mo bá pe oníṣẹ́ iná gidi. Ó fọwọ́ kan ògiri níbi tí wáyà gbà, ó yára fà á padà. "Wáyà gílóòbù ni wọ́n fi so sítóòfù! Kò lè gbé e. Díẹ̀ ló kù kílé yìí gbiná." Èmi tí mo mọ̀ pé òwú tín-ín-rín kì í rán awọ! Ẹnjiníà bá mirí, ó ní, "Ohun tí mo ti ń sọ látọjọ́ yìí nìyẹn."

Ẹ gbà mí!

Ìyá ẹ̀ náà ti wá ra sítóòfù. Akọni ọkọ mi ti ká ìyókù wáyà yẹn sápò, ó ní Sátidé lòun máa lọ bá màmá òun so ó. Ẹnu wo nìyàwó ilé fẹ́ fi sọ fún ìyá ọkọ pé ọmọ tó bí ò mọ̀kan? Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ṣùgbọ́n Màmá kì í fi ètò yín ṣeré. Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì: Màmá, tí Ẹnjiníà bá kanlẹ̀kùn ní Sátidé, ẹ ṣe bí ẹni tí ò sí nílé.