Rọ́bà Tí Ẹ Fi De Bọ́tìnnì Òsì

Olówó orí mi,

Tí ẹ bá débi iṣẹ́ lọ́sàn-án, ẹ̀rọ tí ń tẹ irin kò ní dá yín lóhùn bí ẹ bá tún fi rọ́bà de bọ́tìnnì òsì mọ́lẹ̀. Èmi ni mo ṣe é. Lánàá ni mo kọ ọ́ sínú àwọn àṣẹ onílà bí àkàbà tó ń darí ẹ̀rọ náà, èyí tí mò ń kọ́ níbi iṣẹ́ yín: ọwọ́ méjèèjì ni kó tẹ bọ́tìnnì òsì àti tọ̀tún pọ̀, kí méjèèjì sì kúrò, kí irin tó tún sọ̀kalẹ̀.

Ọ̀gá yín pè mí láàárọ̀ yìí: "Ìyàwó wa, yọ ọ́, ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn." Mo ní n ò yọ ọ́. Kí ẹ̀yin náà máa bínú. Òsì ló ń wẹ ọ̀tún. Ta ni yóò wẹ̀ ẹ́ bí irin bá gba òsì?

Ẹ mú rọ́bà mi bọ̀. Òun ni mo fi ń de ọ̀rá iyọ̀.