Èènì Tí Ìwé Kò Gbà

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ó rẹ̀ mí. Ilé iṣẹ́ aáṣáà tí ẹ fi sílẹ̀ ní Igbó-Ọrà ṣì ń lọ, ṣùgbọ́n ìwé kíkọ rẹ̀ ti wúwo ju ọlọ lọ. A kì í san owó orí tábà títí aáṣáà yóò fi jáde nílé, nítorí náà ìjọba ní kí n máa kọ ohun gbogbo: ewé tó wọlé, èyí tí a lọ̀, èyí tó bàjẹ́, èyí tó jáde. Bí ìwé àti òṣùwọ̀n kò bá bára mu, wọn á ní mo tà á ní kọ̀rọ̀, wọn á sì gba ìwé àṣẹ wa.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá owó orí wá wọn ọjà. Kílò mẹ́jọ ló dín. Ẹ̀yin mọ ibi tó lọ: èènì ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé bí mo bá wọn aáṣáà tán, kí n fi ìka mẹ́ta bu díẹ̀ lé e. Ṣé ẹ ṣírò rẹ̀ rí? Èmi tí mo ń ka igi ìṣáná, n kò ṣírò rẹ̀ rí.

Mo lọ sí Tápà, mo lọ sí Ayétẹ̀, owó ọ̀kadà ń dùn mí, kí àwọn oníbàárà wa lè tẹ̀ka sí ìwé pé àwọn gba èènì. Ojú tì mí. Ìyá Rámọ́tù, tó ti ń rajà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó bí mi, na àtàǹpàkò sí mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé mo jí i ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ̀ka.

Ọ̀gá gba àwọn ìwé náà. Àṣẹ wa kò bọ́. Ṣùgbọ́n ó ní láti ìsinsìnyí lọ, a óò máa san owó orí lórí èènì bí ọjà tí a tà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣírò rẹ̀. Èrè wa kò lè gbé e.

Lánàá ni Ìyá Rámọ́tù wá. Mo wọn tirẹ̀, ó pé géérégé, mo gbé ọwọ́ kúrò. Kò dé agolo rẹ̀. Ó ń dúró. Mo tẹjú mọ́ ìwé, mo ń tún nọ́ńbà tí mo ti kọ tán kọ.

"Ó dáa náà," ló wí. Ó dé e, ó lọ.

Bàbá, ṣé ẹ̀yin ìbá bù ú fún un?

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ọwọ́ rẹ̀ ti há.