Ọmọ Mi Pè Mí Ní Madame

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ẹ kàn sọ pé ìyá kan ní Nkololoun, ní Douala, ní Kamẹrúùnù, ló kọ̀wé.

Ọmọ mi obìnrin ń yẹ ìwé ìrìnnà àwọn èrò wò ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Nítorí ìjà Bakassi yìí, orúkọ aládùúgbò wa kan, ọmọ Kamẹrúùnù, ló fi wọṣẹ́. Wọn ò mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà ni.

Lóṣù tó kọjá, mo ń lọ sìnkú ẹ̀gbọ́n mi l'Ékòó, ìlà bá gbé mi dé iwájú rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ dúró tì í. Ọmọ tó ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀ wo fọ́tò mi, ó wojú mi, ó ní, "Bon voyage, madame." Mo ní, "Merci."

Nígbà tí mo padà dé, ó sunkún bẹ̀ mí. N ò rí ìbínú bí. Nígbà tó wà ní kékeré, tí ọlọ́pàá bá ń kó àwa ọmọ Nàìjíríà ní ọjà Marché Central, èmi ni mo kọ́ ọ pé kó ní òun ò mọ̀ mí.

Mo tún ń lọ lóṣù Kejìlá. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n tò sọ́dọ̀ rẹ̀ ni, àbí kí n wá ìlà ẹlòmíì?